Igbó Tí Ń Sọ̀rọ̀ àti Àwọn Ọmọ Onírèké

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, a lọ kí ọ̀rẹ́ wa àtijọ́ kan ní ilé rẹ̀ ní Onírèké, ní ìlú Ìbàdàn. Bí a ti jókòó tí a ń gba afẹ́fẹ́, ọmọbìnrin kan tí í ṣe ọmọ-ọmọ onílé, tí kò tí ì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, mú ìwé kan jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa. Kìnnìún kan wà nínú ìwé náà tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Igbó kan wà níbẹ̀ tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ tí kò sì fẹ́ yọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rin sì gba inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ wọ ibẹ̀. Ó sọ ìtàn náà dáradára, ojú rẹ̀ ń tàn bí ó ti ń sọ ọ́, inú wa sì dùn sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ó parí, a bi í léèrè pé àwọn ẹranko wo ni ń sọ̀rọ̀ nínú igbó tiwa. Ọmọ náà wò wá lójú títí, lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Bàbá, kò sí ẹranko tí ń sọ̀rọ̀ nínú igbó wa. Ejò ni ó wà níbẹ̀, àti àwọn ajínigbé.”

Gbogbo àgbà tí ó wà ní ìjókòó rẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọmọ náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà dé ilé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí oorun kùn wá bọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá wa rò ó wò. Ọmọ tí a bí sí Ìbàdàn, ìlú tí àwọn baba wa fún ní orúkọ yìí nítorí pé ó wà ní ẹ̀bá ọ̀dàn, níbi tí igbó ti parí tí pápá ti bẹ̀rẹ̀, mọ igbó yìnyín àwọn ará Òkè-Òkun bí ẹní mowó, ṣùgbọ́n igbó tirẹ̀ kò ju ibùba àwọn olè lọ lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá péjọ sí Ìbàdàn yìí kan náà láti fi ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́lẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìlú sì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣe wá ní kàyéfì pé ẹranko igbó kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro lè dárúkọ lóde òní ni èyí tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí ó sì gbé ìbọn kọ́ èjìká. A kò lè dá ọmọ lẹ́bi nínú èyí. Ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ ni ó kà, ohun tí a sọ sí i létí ni ó gbọ́.

Bí ìlú kan bá wà lábẹ́ ọ̀run tí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó ti jáde lẹ́nu ọmọ, Ìbàdàn ni. Ní ọdún 1938 ni ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. tẹ *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde, ìwé tí Olóyè D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, kọ ní ìgbà tí ó ń ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1949, *Igbó Olódùmarè* àti *Ìrèké Oníbùdó* tẹ̀lé e. Ní ọdún 1954, *Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje*. Ní ọdún 1961, *Àdììtú Olódùmarè*. Ní Ìbàdàn ni Fágúnwà ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tí ń rí sí ìwé títẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn, níbẹ̀ náà ni ó sì ti di aṣojú ilé ìtẹ̀wé Heinemann kí ó tó kú sínú odò ní Wúyà, nítòsí Bídà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ẹni tí ó bá jáde ní Onírèké lóníì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Jẹ́ríkò, níbi tí àwọn ilé ìtẹ̀wé ńláńlá wà títí di òní. Orúkọ Onírèké gan-an bá ti ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí tan. Bí a bá sọ fún ọmọ tí a ń wí yìí pé akọni kan wà nínú ìwé tí ń jẹ́ Ìrèké-Oníbùdó, bóyá yóò rò pé ará àdúgbò òun ni. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un.

Àwa tí a ka ìwé wọ̀nyí ní kékeré kò lè gbàgbé bí a ti kà wọ́n. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní ìwé kan rí, àfi Bíbélì tàbí Kùránì, ni ọmọ gbé Fágúnwà wọ̀. Àtùpà kan ni ó máa ń wà láàárín ilé. Ọmọ tí ó mọ̀wé jù yóò máa ka ìwé sókè, bàbá yóò máa gbọ́, ìyá tí ń ṣa ẹ̀wà yóò dáwọ́ dúró. Nígbà tí a bá dé ibi tí Àkàrà-Ògùn bá Agbáko pàdé, tí àwọn méjèèjì wọ ìjàkadì, àwọn ọmọ kéékèèké yóò súnmọ́ ara wọn lórí ẹní. Kò sí ẹni tí yóò fẹ́ dá jáde lọ tọ̀ mọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ wo irú ẹgbẹ́ tí ọba kó jọ láti lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú ìwé náà. Kákò tí ó ní kùmọ̀ ẹkùn wà níbẹ̀. Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀, ẹni tí ọgbọ́n jẹ́ ohun ìjà rẹ̀. Olóhùn-Iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí orin rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ohun tí í gbọ́ ọ tí kì í dúró. Elégbèdè-Ọdẹ sì wà níbẹ̀, ọkùnrin tí ó gbọ́ èdè àwọn ẹyẹ àti ẹranko igbó. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ògòǹgò tí í ṣe ọba àwọn ẹyẹ. Wọ́n kọjá láàárín ohun tí ó burú àti ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín. Ní ìkẹyìn wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìrágbèje nínú ilé rẹ̀ tí ó ní iyàrá méje, ó sì jókòó tì wọ́n, ó ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n lójoojúmọ́. Ohun kan tí ó tẹnumọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọmọ títọ́. A kì í sábà rántí èyí. Àwọn ọdẹ tí ó ti bá iwin jà, tí wọ́n ti la iná àti omi kọjá, ohun tí wọ́n lọ gbà bọ̀ wá sí ìlú wọn ni ìmọ̀ràn bí a ti í tọ́ ọmọ, bí a ti í bá ẹnì kejì gbé, bí a ti í lo ahọ́n.

Ọdún 1950 ni apá kìíní ìwé Òyìnbó tí ọmọ Onírèké ń kà yìí jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyíinì ni pé ọdún méjìlá ni Igbó Irúnmalẹ̀ fi ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù àti ọmọ Òkè-Igbó, olúkúlùkù ní igbó tirẹ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ wá wo ohun tí a fi ìkínní ṣe àti ohun tí a fi ìkejì ṣe. Àwọn tí ó ni igbó yìnyín tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ńlá, wọ́n ya àwòrán sí i, wọ́n sì sọ ọ́ di sinimá tí gbogbo ayé wò ní ọdún 2005. Títí di òní, ọmọ wọn kò lè dàgbà kí ó má gbúròó kìnnìún náà.

Kì í ṣe pé tiwa kò ní iyì. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ *Ògbójú Ọdẹ* sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, Bruce Onobrakpeya sì ya àwòrán sí i. Wálé Ògúnyẹmí, ọmọ eré orí ìtàgé tí Yunifásítì Ìbàdàn mọ̀ dunjú, sọ ìrìnàjò Láńgbòdó di eré, eré náà sì ni Nàìjíríà gbé síwájú gbogbo aláwọ̀ dúdú ayé níbi FESTAC ní Èkó ní ọdún 1977. Ṣáájú èyí, Amos Tútùọlá, ọmọ Ẹ̀gbá tí kò kàwé ju ọdún mẹ́fà lọ, ti kọ ìtàn ọ̀mu tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Faber tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan bínú nígbà náà pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wọ́, pé yóò dójú tì wá lójú Òyìnbó. Òyìnbó sì ń ka ìwé náà títí di òní. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èdè Yorùbá, ó pè é ní *Ọ̀mùtí*. Ìbàdàn ni Tútùọlá ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, Ìbàdàn náà ni ó kú sí ní ọdún 1997. Gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí, àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún: akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òǹwòran tíátà, àlejò láti ìlú òkèèrè. Ọmọ tí ó ni ogún kò sí nínú wọn.

Nígbà tí a bá bi àwọn òbí léèrè ohun tí ó fà á, ìdáhùn méjì ni a máa ń gbọ́. Èkíní ni pé ìwé tí orúkọ irúnmalẹ̀ bá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, ìwé èṣù ni. Pé bí ọmọ bá ń kà nípa iwin àti ẹbọra, ohun tí ó ń kà yóò máa bá a lálàá. A kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun kan. Nínú ìwé yìnyín tí a rà fún ọmọ wa ní owó ńlá, àjẹ́ kan wà níbẹ̀ tí ń sọ ènìyàn di òkúta. Ìyá ọmọ rí i, bàbá rí i, kò sí ẹni tí ó pariwo. Ṣé àjẹ́ tí ó bá ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti di ẹni mímọ́ ni? C. S. Lewis tí ó kọ ìwé náà, onígbàgbọ́ ni, ohun tí ó sì gbàgbọ́ ni ó fi kìnnìún náà ṣe àkàwé rẹ̀. Fágúnwà náà, onígbàgbọ́ ni. Orúkọ Ọlọ́run pọ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń ráhùn pé ìwàásù ti pọ̀ jù. Ìjọ C.M.S. tí ó wá pa ìbọ̀rìṣà run ní ilẹ̀ wa ni ó fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ tẹ ìwé náà. Bí àwọn àlùfáà ọdún 1938 kò bá rí èṣù nínú rẹ̀, a fẹ́ mọ ibi tí àwọn ti òde òní ti rí i.

Àwọn mìíràn sọ pé irọ́ ni, ẹranko kì í sọ̀rọ̀, kí a má fi irọ́ kọ́ ọmọ. Àwọn tí ń sọ èyí ti gbàgbé bí a ti í pàlọ́. Apàlọ́ kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ké sí àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ní láti dáhùn, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Nígbà tí ó bá sì parí, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dún bí agogo láti fi hàn pé òun kò purọ́, gbogbo wọn yóò sì bú sí ẹ̀rín. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ pé a ti wọ ibì kan, ó sì mọ̀ ìgbà tí a jáde. Àwọn ìyá-ìyá wa kò nílò olùkọ́ kankan láti fi ìyàtọ̀ àlọ́ àti irọ́ hàn wọ́n. Nínú àlọ́ ni ọmọ ti kọ́kọ́ ń rí ọlọ́gbọ́n tí ń fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣìkà, bí Ìjàpá, tí ó sì tún fẹ́ràn rẹ̀; nínú rẹ̀ ni ó ti ń rí ọba tí kò gbọ́n, ṣùgbọ́n tí Kìnnìún tàbí Erin ni a fi dípò rẹ̀ kí orí apàlọ́ má baà kúrò lọ́rùn. Ajá tí ó gbé ìyá rẹ̀ pamọ́ sí ọ̀run nígbà ìyàn, tí gbogbo ẹranko yòókù ń pa ìyá tiwọn jẹ, kọ́ wa ní ohun tí a jẹ òbí wa ju ọgọ́rùn-ún ìbáwí lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó àlọ́ Ìjàpá jọ sínú ìwé ní ọdún 1973, kí wọ́n má baà kú pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ wọ́n. Ẹ lọ wo iye ilé tí ìwé náà wà ní Onírèké.

Ìdáhùn kejì ni pé ọmọ kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Eléyìí jẹ́ òótọ́, ó sì dùn wá ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé àwa fúnra wa ni a fọwọ́ ara wa ṣe é. Ilé ìwé aládàáni kan wà tí a mọ̀, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ọmọ tí ó bá la ẹnu sọ Yorùbá ní àárín ọgbà yóò san owó ìtanràn. Òbí ń san owó ilé ìwé, ó sì tún ń san owó ẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ jọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà tí wọ́n bá fi wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ pa ìlànà náà rẹ́, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì, nítorí pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. A kà á, a sì mi orí. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì jẹ́ kí olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì dájú kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú ohunkóhun. Wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ilé Abùjá jìnnà sí Mọ́dákẹ́kẹ́, a gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí òṣùpá ti jìnnà.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìwé nìkan ni èyí. Igbó tí ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé ń bẹ ní ìta pẹ̀lú, ó sì ń kú ní ìdákẹ́jẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1954 wà lórí òkè Jẹ́ríkò, kò jìnnà sí Onírèké rárá. Àwọn igi wà níbẹ̀ tí ó ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn lọ. Ní ọ̀nà Eléyẹlé, a ti dí odò láti ọdún 1942 kí ìlú lè rí omi mu, a sì pa igbó mọ́ yí adágún náà ká kí ilẹ̀ má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lóníì yóò rí i bí ilé àti oko ti jẹ igbó náà wọlé. Nínú ọgbà IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, igbó tí ó tó hẹ́kítà 350 ṣì dúró. Ẹyẹ kan ń bẹ tí ń gbé nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ìbátan ẹyẹ ẹ̀gà, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn ní ọdún 1958, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi sọ ọ́: *Malimbus ibadanensis*. Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ó ń gbé ní gbogbo ayé, ó sì ti ń ṣọ̀wọ́n lọ. Ẹyẹ tí ń jẹ́ Ìbàdàn! Bí Òyìnbó bá ní irú rẹ̀, wọn ì bá ti kọ ìwé ọmọdé mẹ́wàá nípa rẹ̀, wọn ì bá ti fi í ṣe ọba tàbí ìránṣẹ́ ọba, ọmọ tiwa ì bá sì ti ra á.

Ohun tí kò ní orúkọ ní ẹnu ọmọ kò lè ní àyè ní ọkàn rẹ̀. Ẹ bi ọmọ ìgboro léèrè ohun tí í ṣe ẹtu, tàbí ìgalà, tàbí òòrẹ̀, tàbí ìjímèrè. Yóò sọ fún yín pé “ẹran ìgbẹ́” ni gbogbo wọn, nítorí pé inú ọbẹ̀ nìkan ni ó ti bá wọn pàdé. Akíkà, ẹranko onípẹ́ tí í ká ara rẹ̀ jọ bí bọ́ọ̀lù, kò sí nínú ìwé rẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 ni àwọn aṣọ́bodè gba ìpẹ́ akíkà tí ó lé ní tọ́ọ̀nù 7 lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní Èkó, tí wọ́n fẹ́ kó o lọ sí òkè òkun. A kò sọ pé àlọ́ nìkan ni yóò gba akíkà là. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ tí ó ti bá akíkà jókòó nínú ìtàn, tí ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀, tí ó ti bá a sá fún ọdẹ, yóò bínú nígbà tí ó bá gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò gbúròó rẹ̀ rí yóò yí ojú ìwé sí ibòmíràn.

Àwa náà kò fẹ́ fọ́ ojú ara wa sí ohun tí ó le. Fágúnwà kò kọ ìwé rẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ òde òní. Gbólóhùn rẹ̀ gùn. Ó fẹ́ràn àti máa to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹni to àgbàdo. Ìwàásù rẹ̀ a máa dá ìtàn dúró nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ ń yá. Ìpànìyàn wà níbẹ̀ tí ó rorò, ọ̀rọ̀ tí ó sì ń sọ nípa àwọn obìnrin nígbà mìíràn, a kò ní fẹ́ kí ọmọbìnrin wa kà á láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò sì wà lára àwọn tí ń fẹ́ kí a dáná sun ìwé Òyìnbó. Kí ọmọ ka kìnnìún inú yìnyín, kí ó kà á dáradára, ìtàn rere ni. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé òun nìkan ni ó ń kà.

Nítorí náà, àwọn ilé ìtẹ̀wé tí ó wà ní Jẹ́ríkò ni a kọ́kọ́ ń bá wí, nítorí pé àwọn ni aládùúgbò. Wọ́n ń rí èrè lórí ìwé tí ìjọba fi ṣe dandan ní ilé ìwé, a kò bá wọn jà nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ yóò kà nítorí pé ó fẹ́ kà á, ní Yorùbá, tí àwòrán aláwọ̀ mèremère wà nínú rẹ̀, tí kò ju ojú ìwé ogójì lọ, níbo ni ó wà? Kí wọ́n bá àwọn tí ó ni ogún Fágúnwà sọ̀rọ̀. Kí wọ́n mú ìrìn Elégbèdè-Ọdẹ láàárín àwọn ẹyẹ, ìyẹn nìkan, kí wọ́n sọ ọ́ di ìwé kan fún ọmọ kéékèèké. Kí wọ́n wá òǹkọ̀wé tí ó wà láyé tí yóò kọ igbó tuntun, nínú èyí tí ẹyẹ Ìbàdàn àti akíkà yóò ti máa sọ̀rọ̀, nítorí kò yẹ kí igbó wa parí sí ọdún 1961. Kí wọ́n fi àmì ohùn sí i pátápátá, kí ọmọ má baà ka ọkọ́ ní ọkọ̀. Àwọn ilé rédíò wa pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi gbogbo òwúrọ̀ ṣe ìpolówó àgbo, kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ kò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni. Kò sí ìwé àṣẹ tí a ń gbà kí a tó pàlọ́ fún ọmọ. Bí iná bá lọ ní alẹ́, tí ẹ̀rọ amúnáwá kò sì ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kàn jókòó kó ojú bọ fóònù títí yóò fi kú sí i lọ́wọ́.

Ẹni tí a lọ kí ní Onírèké ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì tí a kúrò níbẹ̀, a fi *Ògbójú Ọdẹ* kan tí ó ti gbó ránṣẹ́ sí ọmọ náà. Kò lè kà á. Ó ní ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù, ó sì ń rọ́ mọ́ òun lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ àgbà ni ó wá ń kà á fún un, ojú ìwé méjì ní alẹ́ kan, tí ó sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ tú èyí tí ó bá le. Ó tẹ̀ wá láago ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá pé wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Agbáko. Ó ní ọmọ náà béèrè bóyá ó ń gbé ní ìhà Eléyẹlé, ó sì ní kí wọ́n má pa iná iyàrá òun mọ́.